Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni kí ẹ wò, kì í ṣe oṣù tí wọ́n fi ṣiṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, arábìnrin wa. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi sí, àwọn òṣìṣẹ́ yín mẹ́fà yóò ti ṣe iṣẹ́ Oṣù Kejìlá tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin Oṣù Kìíní ni owó wọn yóò wọ báńkì, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ pa ìwé ọdún dé nínú software ìṣirò owó yín kí ẹ tó san owó náà ni, tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá san án tán. Àyà mi já nígbà tí mo kà á, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹsẹ̀ kọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òru mọ́kànlá ni mo sì fi ń tún un ṣe.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é. Mo pe ọ̀gbẹ́ni kan tó sọ pé òun mọ software náà dunjú, mo sì san owó rẹ̀ kó tó jókòó. Ọjọ́ 30 Oṣù Kejìlá ni. Mo ti san owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ láti báńkì ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ ni mo fi ṣírò rẹ̀, n kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ sínú software. Mo sọ èyí fún un kedere. Ó ní kí n ṣáà tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ọdún dé, pé ẹ̀rọ náà mọ ohun tó ń ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀, àpapọ̀ owó tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún padà sí òdo, òṣùwọ̀n owó-orí ti ọdún tuntun, ìyẹn ìlànà tí a fi ń ṣírò iye tí a ó yọ, sì gba ipò ti àtijọ́. Nígbà tí mo wá tẹ owó Oṣù Kejìlá wọlé, òṣùwọ̀n tuntun ni ó fi yọ owó-orí rẹ̀, ó kà á mọ́ ọdún tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, iye tó yọ kò sì bá iye tí mo ti yọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn mu. Báńkì ní oṣù méjìlá, software ní mọ́kànlá. Ìwé àpapọ̀ owó ọdún tí mo tẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ mi dín oṣù kan, ọ̀kan nínú wọn sì ti mú tirẹ̀ lọ síbi tó ti fẹ́ yá owó kí n tó rí i.

Mo ní kí a dá gbogbo rẹ̀ padà sí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ (backup) tí a ṣe kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀dà wo? Ọ̀gbẹ́ni náà kò ṣe ẹ̀dà kankan. Èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ mi jẹ́ ti Oṣù Kẹwàá, nítorí náà mo ní láti tún oṣù méjì tẹ̀ láti inú ìwé owó oṣù tí mo ti há sínú fáìlì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti owó ìfẹ̀yìntì, àti àjẹmọ́nú, àti gbèsè òṣìṣẹ́ kan tó ti san ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá owó tó yá lọ́wọ́ wa, tí software tún ń bá a ka gbèsè náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti gbèsè yìí, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀: ọwọ́ ni mo fi ń tẹ àyọkúrò rẹ̀ lóṣooṣù, n kò so ó mọ́ àkọsílẹ̀ gbèsè náà. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì owó-orí láti ṣàlàyé, òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ní kí n mú ìwé tí software tẹ̀ wá. Mo ní ìwé náà gan-an ni kò tọ̀nà. Ó ní ohun tó wà lórí ìwé ni àwọn mọ̀. Ẹnì kejì ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà, ẹnì kẹta sì béèrè ta ni ó ní kí n kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni ti àkọ́kọ́ tún béèrè owó kí ó tó lè wá wo ohun tó bàjẹ́.

Ọ̀ràn tiyín yàtọ̀ sí tèmi díẹ̀, nítorí pé èmi ti san owó nínú ọdún àtijọ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ọjọ́ tí owó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni a fi ń mọ ọdún tí owó-orí rẹ̀ bọ́ sí. Bí òfin ibi tí ẹ wà bá rí bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ óò san ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Kìíní jẹ́ ti ọdún tuntun, òṣùwọ̀n tuntun ni yóò sì yọ owó-orí rẹ̀. Ẹ lè pa ọdún owó oṣù dé kí ẹ tó san án, bí owó tí ẹ san kẹ́yìn nínú ọdún àtijọ́ bá ti wà nínú software. Ṣùgbọ́n ìnáwó náà jẹ́ ti Oṣù Kejìlá, nítorí Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣiṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ilé iṣẹ́ jẹ, kí ẹ sì kọ òdìkejì àkọsílẹ̀ yẹn ní Oṣù Kìíní nígbà tí ẹ bá san án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìnáwó kan náà yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi ni pé ọdún méjì ló wà nínú software kan ṣoṣo. Ọdún ìṣirò owó ilé iṣẹ́ wà, ọdún owó-orí owó oṣù sì wà, àwọn méjèèjì kì í sábà parí lọ́jọ́ kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún owó-orí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹrin, ó sì parí ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹrin. Ní Ọsirélíà, ọjọ́ 1 Oṣù Keje ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì tí ó pa ọ̀kan dé kì í fi dandan pa èkejì, nítorí náà ẹ ka ohun tí ó kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ fi báńkì yẹ ìwé wò, ẹ gba òṣùwọ̀n tuntun sínú software. Ẹ mọ ìyẹn. Bí ẹ bá ní ẹni tó ń gba owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ ọjọ́ 364 péré, nítorí náà ọdún mìíràn máa ń ní ọjọ́ owó 53, software tó ń pín ọdún sí 52 sì lè yọ owó-orí tí kò tọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ má ṣe pa orúkọ òṣìṣẹ́ tó ti kúrò rẹ́. Ẹ kàn sàmì sí i pé ó ti lọ, nítorí iye tó gbà nínú ọdún ṣì wà nínú ìjábọ̀ yín. Owó ọwọ́ tí ẹ fún ẹnikẹ́ni láàárín ọdún náà pẹ̀lú ní láti wọlé kí ẹ tó pa á dé.

Nínú ojú ìwé tí ẹ ti ń ṣètò owó oṣù, ọjọ́ méjì ni ẹ óò rí: ọjọ́ tí iṣẹ́ parí àti ọjọ́ ìsanwó. Ọjọ́ kejì yẹn ni kí ẹ rí i dájú pé ó jẹ́ 4 Oṣù Kìíní. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ fi ọwọ́ ṣírò owó-orí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú òṣùwọ̀n tuntun, kí ẹ sì fi wé ohun tí software gbé jáde. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ má tíì san owó ẹnikẹ́ni.