Ẹ Bi Dókítà: Ọmọ mi ń fi òru rán ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀

Nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ lóṣù yìí, mẹ́rin ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, àfi bíi pé ẹ jọ ṣèpàdé ni. Mo bá kó wọn pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Modákẹ́kẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ó ti dé 400 level báyìí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń ra ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wálé, á fi abẹ là á, á tún jókòó tì í á máa rán an, ìgbà míì aago méjì òru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tún lọ mú itan adìẹ tí mo kó sí fíríìjì, ó rán òun náà. Àǹtí ọkọ mi kan tó wá kí wa rí i, wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti fa ọmọ yìí wọ ẹgbẹ́ kan báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn? Kí ló dé tí wọn ò kọ́ wọn lára èèyàn? Ṣé mo sì lè se adìẹ yẹn?

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ kankan ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti adìẹ kúrò ńlẹ̀ torí ó jọ pé òun ló ń dùn yín jù: ẹ má sè é o. Ẹnu abẹ́rẹ́ lè ti kán sínú ẹ̀ kọ́mọ náà má mọ̀, ẹran yẹn sì ti wà níta tipẹ́ nígbà tó ń rán an. Kó lọ ra òmíì fún yín lọ́jà Odò Ògbè, gbèsè ẹ̀ ni.

Ohun tó ń ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní simulation, ìyẹn ni pé kéèyàn fi nǹkan tó jọ ara kọ́ ọwọ́ ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ara. Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Ní Íńdíà láyé àtijọ́, oníṣẹ́ abẹ kan wà tó ń jẹ́ Sushruta, elégédé àti bàrà ló ní káwọn ọmọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ gé, tó bá wá di ti rírán, aṣọ tó nípọn àti awọ ẹran ló gbé lé wọn lọ́wọ́. Ṣebí àwa náà ń ṣe é níbí, télọ̀ wo ló máa gbé lééṣì oníbàárà fún ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá? Pépà àpò sìmẹ́ńtì ni tọ̀hún máa gé títí ọwọ́ ẹ̀ á fi balẹ̀.

Wọn ò kọ́ àwa bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tiwa, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé wo ọ̀kan, ṣe ọ̀kan, kọ́ ẹlòmíì lọ́kan. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rán lára, àgbẹ̀ kòkó ni, àdá ló ṣá a ní ojúgun. Ọ̀gá mi rán ẹyọ kan fún mi wò, wọ́n pè é, ló bá jáde. Ó ku mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ tiwa ò gùn gbọọrọ bíi ti télọ̀, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun ni, èmi wá fi ẹ̀mú dì í mú nítòsí ẹnu ẹ̀, mo ń fi agbára tì í bí ẹni tó ń rán ẹnu àpò kòkó, ló bá ń yí mọ́ mi lọ́wọ́, òógùn ń kán sínú ìbọ̀wọ́ mi. Mẹ́rin yẹn gbà mí tó ìṣẹ́jú 40. Bàbá yẹn rọra gbórí sókè, wọ́n ní, “Dókítà, ṣé ẹ ti ń gbàdúrà ni?” Mi ò rí èsì fọ̀. Àpá yẹn ò dáa, mo rí i nígbà tí wọ́n padà wá tú òwú. Torí ẹ̀, tí mo bá gbọ́ pé ọmọ kan ń ba itan adìẹ jẹ́ lóru kó má bàa ba ojúgun àgbẹ̀ jẹ́ lọ́sàn-án, inú mi máa ń dùn ni, ẹ má bínú sí mi.

Kí wá ló dé tó fi jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀? Awọ ẹ̀ ló jọ tiwa jù nínú èyí tọ́wọ́ lè tètè tẹ̀. Òkè ẹ̀ fẹ́lẹ́, abẹ́ ìyẹn ni awọ tó yi gan-an wà, òun ló ń di òwú mú, lẹ́yìn ẹ̀ ló kan ọ̀rá, ọ̀rá yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn bíi ti èèyàn. Pọ̀nmọ́ ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sun ún, wọ́n ti bọ̀ ọ́, ó ti di rọ́bà. Mùsùlùmí tí ò fẹ́ fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀, kó bẹ alápatà fún awọ ewúrẹ́ tútù kí wọ́n tó gbé e sínú iná. Ṣùgbọ́n kó má rán an lórí pákó tẹ́ ẹ fi ń gé ẹ̀fọ́ o, kó ní pákó tiẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀ tó bá ti parí, kó sì ka abẹ́rẹ́ ẹ̀ kó tó lọ sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mo wá lo họ́lídè n’Ífẹ̀ ni, ibòmíì ni mo ti ń ka mẹ́dísìnnì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní rírán awọ, a pọ̀ gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kàn mí. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n, kókó mi máa ń tú, awọ rọ́bà tí wọ́n ń tà sì ti wọ́n jù. Mo ti wo fídíò YouTube títí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fídíò ò burú, àmọ́ ojú ló ń kọ́, kì í ṣe ọwọ́. Lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Fi abẹ la èèpo ẹ̀, rán an padà, gbé e sílẹ̀ kó o lọ jẹun. Tó o bá fi máa padà dé, gbogbo ibi tó o ti fi fọ́sẹ́ẹ̀pù, ẹ̀mú tá a fi ń di awọ mú, fún un pọ̀ jù á ti máa dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní bá ẹ parọ́. Awọ èèyàn náà, tó o bá ń fún un jù bẹ́ẹ̀, ó máa ń kú létí, kì í wá jinná dáadáa, àmọ́ òun kì í tètè fi hàn ẹ́.

Fún kókó, àjákù fóòmù àti okùn ìpẹja ti tó. Òwú gidi tí ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀, táwọn nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ fẹ́ dà nù, fọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ẹ, ó dáa fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kan èèyàn mọ́. Rántí pé bí òǹkà òwú bá ṣe ń ga lòwú ń tín-ín-rín, 5-0 tín-ín-rín ju 3-0 lọ, 5-0 tàbí 6-0 la sì máa ń lò fójú.

Ọ̀rọ̀ kókó tó ń tú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ọ̀nà kan náà lo máa ń yí òwú gbà. Yí i lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ẹnu needle holder, ẹ̀mú tá a fi ń di abẹ́rẹ́ mú, fà á kó jókòó. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, yí i lẹ́ẹ̀kan láti òdìkejì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, padà sí ọ̀nà tó o kọ́kọ́ gbà. Ọwọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa rékọjá sí òdìkejì nígbàkígbà tó o bá ń fà á. Má sì fún un pa o, kí etí awọ méjèèjì ṣáà kanra ni, torí ọgbẹ́ ṣì máa wú lọ́la, tó o bá ti fún un pa lónìí, òwú á gé awọ, àpá á wá rí bí ojú irin rélùwéè.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Di ẹ̀yìn ẹ̀ mú, ibi tó fi máa ku bí ìdá mẹ́ta kan síbi tí òwú ti so mọ́ ọn, kì í ṣe níbi ẹnu bíi tèmi ọjọ́sí. Jẹ́ kó wọlé lóròó ṣánṣán, kó o wá yí ọrùn ọwọ́ ẹ bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn, abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ á mọ̀nà ara ẹ̀. Bó ṣe jìnnà sí etí ọgbẹ́ lápá ọ̀tún ni kó jìnnà lósì. Tó o bá ṣe é dáadáa, etí awọ á yọ sókè díẹ̀ bí ètè ọmọ tó ń bínú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí àpá máa ń rìn wọlé tó bá yá. Kó o má sì fi ìka mú abẹ́rẹ́ láé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lò ń rán, ohun tó bá ti mọ́ ọwọ́ ẹ lára ló máa bá ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù, HIV àti hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ranni, sì wà ńbẹ̀.

Ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n, tèmi náà ṣì ń gbọ̀n. Jókòó, gbé ọrùn ọwọ́ lé tábìlì.

Èyí tó wá ká mi lára jù rèé. Ọgọ́rùn-ún kókó tó o dá nìkan so, tó bá jẹ́ pé o ń so ó lódì, òdì lo kọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Wá ẹni tó máa wò ẹ́. Ètò kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ Peyton pè, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní: ọ̀gá á ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é láìsọ̀rọ̀, á tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àlàyé, lẹ́yìn náà ìwọ lo máa máa sọ fún un ohun tó kàn tí òun á sì máa ṣe é, ìgbẹ̀yìn ni ìwọ á wá máa ṣe tí wàá máa sọ. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló dùn jù, ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ pé ohun tóun rò pé òun mọ̀, òun ò mọ̀ ọ́n. Tí ò bá sí ọ̀gá nílé, gbé fóònù lé nǹkan, ya ọwọ́ ẹ nìkan, fi ránṣẹ́ sí síníọ̀ ẹ.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣe simulation yẹn bó ṣe yẹ, ẹ so awọ ẹran mọ́ apá ọ̀rẹ́ yín kan, ẹ fi aṣọ bò ó ku ojú ọgbẹ́, kí tọ̀hún máa ké “yéè” kó máa bi yín ní ìbéèrè. Bi í bóyá nǹkan kan máa ń ṣẹ ara ẹ̀ lódì. Bi í bó ṣe wúwo tó, ṣírò lidocaine ẹ̀, ìyẹn oògùn tá a fi ń pa ojú ọgbẹ́ kú kó má bàa dùn ún: mílígíráàmù 3 fún kílò kan tí kò bá sí adrenaline nínú ẹ̀, ẹni tó wúwo tó kílò 60 ò gbọ́dọ̀ kọjá 180, 1% sì ní mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan, ìyẹn mílílítà 18. Fóòmù ò ní bi ẹ́ pé ṣé ò ń gbàdúrà.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Lágere, iwájú orí mi bẹ́. Ní ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ló rán an, ọ̀gá ẹ̀ dúró tì í. Ìyàwó mi ní mi ò bá ti kọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni mi ò bá ti kọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ láṣẹ láti kọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìyẹn bú yín, ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ ni kó tó fọwọ́ kàn yín. Àmọ́ níwọ̀n tí ọ̀gá ti dúró tì í, ní tèmi, màá gbà. Ohun tí mo máa bèèrè ni pé ṣé ó ti ṣe é lórí nǹkan míì rí, ẹ̀ẹ̀melòó, ta ló wò ó. Ti àpá, púpọ̀ nínú ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó rán an. Ní 1861, ọmọ Ọ́stríà kan, Karl Langer, fi irin olójú róbótó gún awọ òkú, ihò yẹn ò dúró róbótó, ó fà gbọọrọ, torí awọ ní ọ̀nà tó ń fà sí. Ní iwájú orí, ìbú ni. Tí ọgbẹ́ yín bá là níbùú, ẹ ṣoríire, tó bá là lóròó, ó máa hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ padà lọ tú òwú ní bí ọjọ́ 5, kó má pẹ́ bíi ti ẹsẹ̀ tó ń tó ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọn ò bá tíì gún un. Tí àpá bá máa ń wú sókè nínú ẹbí yín, ẹ tètè sọ fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá aránṣọ ni mí, ẹ̀gbẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà n’Íléṣà. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe dókítà. Ṣé ríránṣọ lè ràn án lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ó lè ràn án lọ́wọ́ dáadáa, ìka tó ti mọ òwú ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ̀yin aránṣọ máa ń fa òwú le, ó máa ní láti kọ́ bá a ṣe ń dẹ̀ ẹ́. Kó sì ti yéé fi eyín já òwú láti ìsinsìnyí.