Ẹ má fi nọ́ńbà orí fóònù yín forúkọ sílẹ̀ lórí signal-cli

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣábẹ̀, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ àwọn oníkajú yín máa fi signal-cli, ètò tí a fi ń lo Signal (áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́) láti orí kọ̀ǹpútà nípa títẹ àṣẹ, ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kó sì máa gba èsì, àti pé nọ́ńbà yín gan-an lẹ fẹ́ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Ohun tí mo ṣe ní Kétu níbí nìyẹn. Mo tẹ register, mo tẹ verify pẹ̀lú kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́, inú mi dùn. Ibi tí mo ti gbé fóònù, Signal ti lé mi jáde. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ kẹ́yìn ló ni nọ́ńbà náà. Mo ní màá tún un ṣe tó bá yá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Jámánì fi ń bi mí pé ara màmá ńkọ́, mi ò dáhùn. Nígbà tí mo tẹ receive, gbogbo rẹ̀ tú sójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà: «Ṣé wọ́n ti jẹun?» «Kí ló dé tí o ò fọhùn?» Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Mo wá lọ ra síìmù tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá mi padà níbẹ̀ nítorí ìwé ìdánimọ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ya fọ́tò míì, ẹnì kejì ní fọ́tò ọ̀hún ò dára. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ni?

Bí síìmù bá wọlé, ẹ fi Java tuntun, ètò tí signal-cli nílò láti ṣiṣẹ́, àti signal-cli fúnra rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ:

signal-cli -a +22901XXXXXXXX register

Ẹ má gbàgbé +229 ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa, ẹ má sì gbàgbé 01 tí wọ́n fi kún nọ́ńbà wa ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ó lè béèrè captcha, ìdánwò kékeré orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi hàn pé ènìyàn ni yín. Alẹ́ méjì ni mo fi jà níbẹ̀, torí orí fóònù ni mo ti ń ṣe é, pẹ̀lú dátà fóònù, nígbà tí kọ̀ǹpútà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì míì. Orí kọ̀ǹpútà kan náà ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ da líǹkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú signalcaptcha:// kọ, kí ẹ tún àṣẹ register tẹ̀, kí ẹ fi --captcha sí i, kí líǹkì náà tẹ̀lé e kíákíá, kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí kóòdù bá dé, ẹ fi verify tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ ò bá fẹ́ ra síìmù, signal-cli link wà. Yóò fún yín ní líǹkì tí ẹ ó sọ di QR, àwòrán onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà ń kà, fóònù yín á yà á, kò sì ní lé yín jáde. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé yín náà á máa wọ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ o.

Fífi ránṣẹ́ ò le:

signal-cli -a +22901XXXXXXXX send -m "Ìpàdé di ọ̀la" +22901YYYYYYYY

Ti èsì tí ẹ béèrè, receive ni. Kì í dá wá fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá dá fún un, máa pè é lóòrèkóòrè. Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà fódà .local/share/signal-cli síbi tó pamọ́, ibẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ yín wà. Ẹni tó tún kọ̀ǹpútà mi ṣe nù ún dànù láì bi mí, mo sì tún padà sídìí captcha.