Èsì: Eré fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní báwo làwọn ọ̀dọ́ yín ní Òṣogbo ṣe lè fi eré kìlọ̀ fẹ́gbẹ́ wọn lórí ọ̀rẹ́kùnrin tó ń na ọmọbìnrin. Ẹ má fi ìgbájú bẹ̀rẹ̀. Ibi fóònù ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rẹ́kùnrin náà sọ pé: “Ta ló pè ọ́? Fún mi ní páswọ́ọ̀dù rẹ.” Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pe ìyẹn ní ìfẹ́! Kí eré dúró níbẹ̀, kí òǹwòran kan jáde wá ṣe bí òun ìbá ṣe dáhùn. Àwọn ọmọ ni kó kọ ọ̀rọ̀ eré náà fúnra wọn; tí àgbà bá kọ ọ́, ìwàásù ló máa dà (ẹ má bínú). Ìlú tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré ìtàgé, ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, eré ò ṣàjèjì níbẹ̀. Ẹ sì ti wá nọ́ọ̀sì tàbí agbaninímọ̀ràn sílẹ̀ ṣáájú, torí ọmọ kan lè wá bá yín lẹ́yìn eré pé òun gan-an nìyẹn.