Ọmọ ń kọ́ Faransé, ìyá àgbà fẹ́ bá wa lọ: ìlú wo ni kí a wakọ̀ lọ láti Òṣogbo?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí bíi tèmi. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ Òṣogbo sì ni àwa méjèèjì. Tí iléèwé bá ti wọ ọlidé lóṣù kẹjọ, a fẹ́ kó àwọn ọmọ wálé kí wọ́n lè wo ọdún Ọ̀ṣun. Ọmọ ọdún 12 ni àwọn ìbejì wa, àbúrò wọn jẹ́ 7. Àwọn ìbejì ń kọ́ Faransé níléèwé, wọn ò sì jẹ́ kí n gbádùn: àfi kí àwọn dé ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Owó Paris kò sí lọ́dún yìí. Ọkọ mi wá ní kí a wakọ̀ láti Òṣogbo wọ orílẹ̀-èdè Benin, kí a fi ọjọ́ díẹ̀ wo ìlú àtijọ́ kan níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tó ti lé ní 70 ọdún, ní òun ń bá wa lọ, pé ẹni tó bá fi òun sílẹ̀ kò ní í jẹ àmàlà òun mọ́.

Nínú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kùtọnú àti Ouidah, èwo ni kí a mú? Ṣé kò ní í sú àwọn ọmọ? Kí ni wọ́n sì ń béèrè ní bọ́dà lọ́wọ́ ọmọ tó ní páásípọ́ọ̀tù ìlú òyìnbó?

Ìyá Ìbejì, Manchester

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ bá mi kí màmá tó fi àmàlà halẹ̀ mọ́ yín, ẹ ní mo wà lẹ́yìn wọn. Ọmọ Òròkí ni èmi náà, Montréal ni mo ń gbé, Faransé ni àwọn ọmọ mi sì fi ń kàwé. A ti fi ọkọ̀ rin ọ̀nà tí ẹ ń sọ yìí, ìyá mi sì wà ní iwájú ọkọ̀, ó ń darí awakọ̀.

Àjàṣẹ́ ni kí ẹ lọ. Àjàṣẹ́ nìkan. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá Ìbejì rọ́ ìlú mẹ́ta sínú ọjọ́ mẹ́rin, bí àwa ará òkè òkun ṣe máa ń ṣe nígbà tí owó ọkọ̀ òfurufú bá ti ń dun ni. Kùtọnú dára, àmọ́ Èkó mìíràn ni lójú ọmọ: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀kadà àti òkun. Ti Ouidah wúwo. Nǹkan bíi kìlómítà 4 ni ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà dé etíkun níbẹ̀, ìparí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí ní 1995. Àwọn ìbejì lè gbà á. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 7, ẹ jẹ́ kó dàgbà sí i díẹ̀.

Ìdí tí mo fi di Àjàṣẹ́ mú ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí yóò di odi níbẹ̀. Faransé ni èdè ìjọba àti ti pátákó ojú títì, Ègùn ni wọ́n ń sọ ní ìgboro, Yorùbá sì kún inú ọjà àti mọ́sálásí. Nígbà tiwa, àwọn ọmọ ló ń bá wa sọ̀rọ̀ ní ilé oúnjẹ àti ní mùsíọ́ọ̀mù. Inú wọn dùn, wọ́n ń ṣe bí agbẹjọ́rò. Bí a ṣe dé ọjà báyìí, ìyá mi gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Ó ná ata, ó ná ẹja, ó béèrè ilé baba ẹni tó ń tajà, wọ́n jọ rí ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ ní Kétu. Ọmọ mi obìnrin, tí kì í fẹ́ dáhùn tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ nílé, bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè lábẹ́lẹ̀ pé kí ni ìyá àgbà sọ tí gbogbo wọn fi ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí pé Porto-Novo ni ẹ máa rí lórí máàpù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò Accron. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ló rí abàmì olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú ọ̀gán níbẹ̀. Abori Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè é, ojúbọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọmọ mi ọkùnrin bi ẹni tó ń mú wa kiri bóyá orí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán máa ń bá ara wọn jiyàn. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní orí kan ṣoṣo tí òun ní pàápàá ń bá òun jiyàn.

Lẹ́yìn àwọn ọdẹ ni Tè-Agbanlin dé láti Allada, tó dá ìjọba sílẹ̀. Ààfin àwọn ọba yẹn ni wọ́n sọ di mùsíọ́ọ̀mù Honmè. Ọba Toffa ni ẹ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó jọba láti 1874 sí 1908. Ìjọba Dàhòmì ń halẹ̀ mọ́ ọn láti apá kan, Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba Èkó ń wò ó láti apá kejì, ló bá sá tọ àwọn Faransé. Àwọn ọmọ mi jà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú: ọ̀kan ní ó gbọ́n, èkejì ní ó ta ìlú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á. Ẹ ní kí wọ́n fi alounloun hàn yín, ọ̀pá onírin tí wọ́n kó òrùka sí, tí àwọn olorì fi ń lu orin adjogan fún ọba. Ẹ pè kí ẹ tó lọ o, torí wọ́n máa ń ti irú ibẹ̀ pa tí wọ́n bá ń tún un ṣe.

Mọ́sálásí ńlá ni mo fẹ́ kí ẹ fún lákòókò jù. Kí ẹ tó kúrò ní Òṣogbo pàápàá, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo ilé Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà) ní ọ̀nà Ìbókun. Ẹ ní kí wọ́n wo fèrèsé rẹ̀ àti ọnà ara ògiri rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti Brazil dé ló gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Ní oṣù kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Salvador ní Bahia dìde ìjà sí àwọn olówó wọn. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ibẹ̀ lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi wálé nígbà tó yá. Èkó, Àgbádárìgì, Ouidah àti Àjàṣẹ́ ni wọ́n sọ̀ sí. Bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì bíi ti Bahia. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn fẹ́ kọ́ mọ́sálásí ńlá ní Àjàṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: ilé gogoro méjì níwájú, òdòdó àti ọ̀dà oríṣiríṣi. Ìyá mi tó jẹ́ Àlhájà wò ó láti inú ọkọ̀, ó ní, "Kí lẹ mú mi wá ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Kò sọ̀ kalẹ̀, àfìgbà tí wọ́n pe ìrun.

Fún ọmọ ọdún 7, Songhaï ni. Oko ńlá kan ni, Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Kò sí ohun tó ń ṣòfò níbẹ̀: wọ́n ń fi ìdin bọ́ ẹja, wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná. Wọ́n ní yàrá tí ẹ lè sùn àti ilé oúnjẹ, ariwo ìgboro kò sì dé ibẹ̀. Tí ọjọ́ ọjà Adjarra bá bọ́ sí àkókò yín (ọrún-ọrún ni wọ́n ń ná an, màmá máa mọ bí a ṣe ń kà á), ibẹ̀ ni ìlù wà. Ẹyọ kan péré ni kí ẹ rà, torí ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ọ títí dé Manchester.

Ó wá ku ti bọ́dà. Tí àwọn ọmọ bá ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, òun ni kí wọ́n mú rìn: ó fún wọn ní 90 ọjọ́ láìgba físà, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ní, ẹ gba físà Benin lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rò ni pé físà Nàìjíríà tí wọ́n fi wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gbà wọ́n láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á jáde ní bọ́dà Ìdí-Ìrókò, wọn ò sì ní í lè padà wá bá ẹrù wọn ní Òṣogbo. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti gbogbo yín dání, títí kan ti màmá. Tí bàbá wọn ò bá ní í lè lọ mọ́, kó kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ náà nílò káàdì ìnṣọ́ránsì ECOWAS àti ìwé àṣẹ kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ẹ má rìn ín tán lọ́jọ́ kan. Ẹ gba Gbọ̀ngán àti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, kí ẹ sùn síbẹ̀, kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kí ẹ tó gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ìdènà pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, kò sì yẹ kí òru bá ọkọ̀ tó kó ọmọ àti àgbà níbẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde níhìn-ín àti ti ìwọlé ní Igolo lọ́hùn-ún, kódà bí ẹnì kan bá ní kí ẹ máa lọ, pé kò sí wàhálà. Láti Igolo, Àjàṣẹ́ kò jìnnà mọ́. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná, 655.957 rẹ̀ ló jẹ́ yúrò kan, kì í yí padà, torí náà yúrò ni kí ẹ mú wá dípò pọ́n-ùn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni àjọ̀dún òmìnira wọn, ọ́fíìsì máa ń tì. Ẹ má wọlé lọ́jọ́ náà.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ ránṣẹ́ sí mi. Awakọ̀ tó gbé wa lọ ṣì wà ní Òkè-Fìà, ó gbọ́ Ègùn díẹ̀, ó sì ní sùúrù fún àgbàlagbà tó bá ń darí rẹ̀ láti iwájú.

Bàbá Mọ́ríámọ̀, Montréal