Ṣé lysine lè ṣe iṣẹ́ methionine nínú oúnjẹ adìyẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Adìyẹ tó ń yé ẹyin ni mò ń sìn ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, èmi fúnra mi ni mo sì ń po oúnjẹ wọn: àgbàdo, sóyà, èérí àlìkámà, egungun lílọ̀ àti òkúta ẹfun. Nígbà tí ọjà gbówó lórí, ẹni tó ń ta èròjà fún mi ní Adó ní kí n fi methionine sílẹ̀, kí n ra lysine nìkan torí owó rẹ̀ kéré, pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Àtìgbà yẹn ni ẹyin mi ti ń kéré sí i. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Rárá o, kì í ṣe òótọ́. Nínú oúnjẹ tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, methionine ló ń kọ́kọ́ tán. Bí owó bá ká ẹyọ kan péré, òun ni kí ẹ rà. Bóyá àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ló ń bá ẹni yẹn rajà jù. Fún ẹlẹ́dẹ̀, lysine ló ń kọ́kọ́ tán lóòótọ́.

Amínò ásíìdì ogún ni ara fi ń to pùròtéènì ẹyin, ẹran àti ìyẹ́; lysine àti methionine wà lára wọn. Ẹ wo ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà: bí pupa bá tán, bó ti wù kí funfun pọ̀ tó nínú igbá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ á dúró sí. Adìyẹ kò lè ṣe lysine fúnra rẹ̀, kò sì lè ṣe methionine. Inú oúnjẹ ni méjèèjì ti ń wá. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò ní ibi tí ara ń kó o pa mọ́ sí. Ara á tú u ká, nitrogen inú rẹ̀ á sì bá ìgbẹ́ jáde. Funfun tí ẹ ń rí lórí ìgbẹ́ adìyẹ nù un. Lysine tí ẹ rà láìsí methionine, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà lọ.

Imí ọjọ́ wà nínú methionine. Ẹ tú àpò rẹ̀ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó mọ̀. Ara máa ń fi ṣe cysteine, èyí tó pọ̀ gan-an nínú ìyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ adìyẹ tí kò rí i tó fi ń rí jákujàku, tí wọ́n á sì máa ṣá ìyẹ́ ara wọn jẹ. Pùròtéènì yòówù tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe, methionine ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹyin máa kéré sì wà lára àmì pé kò tó.

Ẹran ara ni lysine ń fún ní agbára jù, pàápàá igẹ̀ bróílà, àti okùn tó so egungun pọ̀ mọ́ iṣan. Tòlótòló aláwọ̀ idẹ tí kò bá rí i jẹ á máa hu ìlà funfun lára ìyẹ́. Ara lè sọ methionine di ṣúgà, ṣùgbọ́n kò lè sọ lysine di ṣúgà láéláé. Àmọ́ wọ́n jọ ń ṣe ohun kan: carnitine, tó ń gbé ọ̀rá lọ síbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sun ún. Lára lysine ni ara ti ń yọ ọ́, methionine ló sì ń pèsè ègé kéékèèké mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní methyl.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìlànà National Research Council ti Amẹ́ríkà ní 1994 fi methionine sí 0.30% àti lysine sí 0.69% fún adìyẹ tó ń yé ẹyin, tó sì ń jẹ 100 gíráàmù lójúmọ́. Nínú tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn jẹ́ kílò 3 àti kílò 6.9. Ká ní ẹ lo àgbàdo kílò 600 àti sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kílò 200. Lysine inú wọn á tó nǹkan bíi kílò 6.9, ó pé gégé. Methionine á jẹ́ bíi kílò 2.3. Èérí àlìkámà á fi díẹ̀ kún méjèèjì, ṣùgbọ́n kò lè dí àlàfo methionine yẹn. Kílò kan methionine nínú tọ́ọ̀nù kò pọ̀ jù.

Ó yàtọ̀ o, bí ẹ bá ti fi GNC, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, rọ́pò gbogbo sóyà. Lysine á já wálẹ̀ sí bíi kílò 4.5, ẹ ó sì nílò méjèèjì. Ẹ rántí pé kílò kan lysine inú àpò kì í ju bíi 780 gíráàmù lysine gidi lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yan sóyà yín náà. Tútù rẹ̀ ń dí ìdà oúnjẹ lọ́wọ́, èyí tó sì jó dúdú, iná ti so lysine inú rẹ̀ mọ́ ṣúgà, adìyẹ ò sì lè yọ ọ́ mọ́. (Àwa náà ń jẹ ìṣirò yìí nínú àdàlú: lysine pọ̀ nínú ẹ̀wà, ó kéré nínú àgbàdo, methionine kéré nínú ẹ̀wà, àgbàdo sì ń fi tirẹ̀ kún un.)

Ẹ má fi agolo wọ̀n ọ́n, ẹ lo òṣùwọ̀n. Methionine tó pọ̀ jù ń dí ìdàgbàsókè lọ́wọ́ ju amínò ásíìdì mìíràn lọ. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ àgbàdo lílọ̀ kílò márùn-ún, kí ẹ tó dà á sí gbogbo rẹ̀.

Ẹ ò sọ ọjọ́ orí adìyẹ yín. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ẹyin wọn á kéré fúngbà díẹ̀. Bí ooru bá sì mú tí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ dín kù, ẹ bojú wo omi wọn kí ẹ tó tún ra nǹkan kan.