Ẹgbẹ́ wa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sanra sí i

Àwọn ìbéèrè yín sí Màmá Nọ́ọ̀sì

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, mo sì bí ọmọ márùn-ún. Mo wọn kìlò 98, gíga mi ò sì ju mítà 1.62 lọ. Ìdí máṣíìnì ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, orúnkún á máa dùn mí.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwa obìnrin mọ́kànlá ládùúgbò kó ara wa jọ láti máa ṣe eré ìdárayá ní Sátidé. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ wọ́n máa ń gbé òṣùwọ̀n sáàárín, wọn á sì pariwo iye tó bá kọ síta. Ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sókè á san 500 náírà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti san án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n lọ wá tírélà tí á máa gbé mi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo délé, mo sunkún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mu tíì kan tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń fa ikùn wọlé. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé mo máa ń mu gààrí lóru, pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà, bí gbogbo ilé bá ti sùn. Ṣé kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí ni?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú bírò. Ọ̀rọ̀ tírélà yẹn dùn mí wọra, torí wọ́n ti sọ irú rẹ̀ sí èmi náà rí.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, kìlò 96 ni mí. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi jẹ́ 164 lórí 100. Kò sí ohun tó yẹ kí n ṣe tí n kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn láàárọ̀, èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀ ò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Òjò á rọ̀ tàbí kí àlejò dé, ó sì parí nìyẹn.

Aládùúgbò mi kan tó ń ta ata ló gbà mí. Opó ni. Dókítà ti ní kí òun náà máa rìn, ẹ̀rù sì ń bà á láti dá jáde nídàájí. Bí mo ṣe gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn laago márùn-ún ààbọ̀ lọ́jọ́ kan nìyẹn: "Nọ́ọ̀sì, mo ti wọ bàtà o." Kò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Báyìí ló ṣe ń kan ilẹ̀kùn ní gbogbo ọjọ́. A máa ń rìn dé pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adamásìngbà, a ó yí i ká, a ó padà sílé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, a ti di mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí mi ò bá jáde, kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹnì kan á ti yà wò mí pé ṣé kò sí nǹkan. Ọdún kan ààbọ̀ ló gbà mí, àmọ́ kìlò 14 ni mo fi fúyẹ́, dókítà sì dín oògùn mi kù.

Nínú àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ẹni tó mọ iye tí ẹnì kejì wọ̀n. Bí àjọ la ṣe ṣe é. Alájọ kì í bèèrè bóyá o lówó ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, bóyá o mú tòní wá ló ń bèèrè. Ohun tí ẹgbẹ́ tiyín ń ṣe ò burú nítorí pé wọ́n le. Ó burú nítorí pé ẹni tí wọ́n bá dójú tì á máa fi nǹkan pamọ́, ohun tí ẹ sì ń ṣe pẹ̀lú gààrí yẹn nìyẹn.

Obìnrin kan wà ní Queens, nílùú New York, tó ń jẹ́ Jean Nidetch. Ó ti ń lọ sí kíláníìkì ìjọba nítorí ìsanra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ fún wọn níbẹ̀ pé òun ṣì ń jẹ bísíkíìtì ní kọ̀rọ̀. Ní 1961, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà sílé, ó jẹ́wọ́ fún wọn, làwọn náà bá ń jẹ́wọ́ tiwọn. Láti inú ìpàdé yẹn ni Weight Watchers, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń wá bí wọ́n ṣe máa fúyẹ́, ti jáde ní 1963. Gààrí òru yín ni bísíkíìtì tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tíì kúrò. Kí Sátidé tó pé, ẹ lọ bá ẹni tó ṣáájú yín nílé, ẹ̀yin méjì péré. Ẹ ní: "Àǹtí mi, mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ariwo ìdí òṣùwọ̀n yẹn ń lé mi lọ. Ẹ jẹ́ kí kálukú máa wọn ara rẹ̀ nílé, ká wá máa ka iye ọjọ́ tí èèyàn wá." Owó ìtanràn tó wà nílẹ̀, ẹ fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí gbogbo yín jọ máa lò ó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú ẹnì kan péré nínú wọn tí kò rẹ́rìn-ín dénú lọ́jọ́ náà, kí ẹ̀yin méjèèjì máa rìn.

Ẹ dá tíì yẹn dúró lónìí. Ewé senna ló máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ìgbẹ́ ló ń yà yín, omi ara yín ló sì ń bá a lọ, ọ̀rá ò kúrò níbì kankan.

Ní ti gààrí, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: kí lẹ jẹ lọ́sàn-án? Mo mọ àwọn aránṣọ. Búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò lórí máṣíìnì, oníbàárà ń dúró. Ìgò 50cl kan lè ní tó gíráàmù 50 ṣúgà, bíi kóró ṣúgà méjìlá. Ebi ọ̀sán yẹn ló ń jí yín lóru. Ẹ jẹ ẹ̀wà tàbí ẹyin méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ laago kan, kí ẹ dìde nídìí máṣíìnì láti jẹ ẹ́. Àmàlà ò di èèwọ̀. Ẹ bu èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kí ewédú àti ẹja pọ̀ jù ú lọ.

Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó fi kún ìrìn. Nítorí orúnkún, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọ̀nà tó lọ sí igbó Ọ̀ṣun dára, igi ń ṣíji bò ó. Ẹ yára débi tí ẹ ó fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò ní lè kọrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ló yẹ àgbàlagbà, Sátidé nìkan ò lè gbé e. Kìlò kan tí ẹ bá fi fúyẹ́ ń gbé ẹrù bíi kìlò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ara á sì kọ́kọ́ sọ fún yín níbi àtẹ̀gùn yẹn. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ ní téèpù lọ́rùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ fi wọn ìbàdí ara yín, lókè ìdodo díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá ju ínǹṣì 35 lọ, ó ti ń wu ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ léwu. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ní ojú ewé tiyín.

Màmá, wọ́n ní kí n máa fi náílọ́ọ̀nù wé ikùn kí n tó sáré, pé ọ̀rá ikùn á bá òógùn jáde. Ṣé òótọ́ ni?

Awakọ̀, Ìlọrin

Rárá o, ọmọ mi. Omi ló ń jáde, ẹ ó sì mu ún padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú oòrùn Ìlọrin, ooru tí náílọ́ọ̀nù yẹn sé mọ́ra lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ẹ tú u sọ nù, kí ẹ wá awakọ̀ kan nínú gáréèjì yín tí ẹ̀yin àti òun á jọ máa rìn kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún.