Owó Onírin Tó Bàjẹ́ Kì í Ṣe Owó Tí Wọ́n Tẹ̀ Ṣì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èèlò ọbẹ̀ ni mò ń tà ní Kubwa. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé owó onírin tí wọ́n tẹ̀ ṣì máa ń pa mílíọ̀nù ni mo ti ń yẹ ṣéńjì ọwọ́ mi wò. Mo rí ₦1 kan tí ojú Macaulay ti pẹlẹbẹ lórí rẹ̀, mo sì ní kọ́bọ̀ onihò 1936 tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀. Ẹnì kan ní kí n san ₦15,000 fún ìforúkọsílẹ̀ kí òun lè bá mi tà wọ́n. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, mà. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ yín ni yóò kówó wá.

Àti pé ṣéńjì wo lẹ ń yẹ̀ wò? Ní Abuja tí a wà yìí, tọ́ọ̀fì ni wọ́n ń fún wa dípò ṣéńjì. Inú àpótí àwọn ìyá wa àti ìsàlẹ̀ ìkòkò ni owó onírin wà báyìí.

Ọ̀rọ̀ ₦1 yín ló ń bí mi nínú, nítorí irú rẹ̀ kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe owó onírin, wọn a gé irin pẹlẹbẹ roboto, wọn a gbé e sáàárín òǹtẹ̀ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òrùka irin líle a sì yí i ká kí etí rẹ̀ má baà tàn kálẹ̀. Ẹ̀rọ a wá tẹ òǹtẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, irin a sì sá wọ inú ojú òǹtẹ̀, ibẹ̀ ni àwòrán ti ń yọ. Àṣìṣe tí àwa tí ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá ni èyí tó ti ṣẹlẹ̀ kí owó tó kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn. Bí irin náà bá yẹ̀ kúrò láàárín, apá kan lára rẹ̀ kò ní ní àwòrán rárá, ibẹ̀ yóò jọ̀lọ̀, ìyókù yóò sì hàn ketekete. Nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, ojú Macaulay ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn lù ú pẹlẹbẹ ni, irin sì ti wú sí etí, pẹ̀lú àpá òòlù mẹ́ta tí mo fi ojú ara mi kà. Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣe èyí. ₦1 àti ₦2 tó jáde ní 2007, tí irin méjì para pọ̀ ṣe, náà ń kó wàhálà bá wa: ẹnìkan gbé èyí tí àárín rẹ̀ ti bọ́ wá, àpá ìṣó tí wọ́n fi tì í jáde ṣì wà lára rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń sọ pé owó 1936 ṣọ̀wọ́n kì í ṣe irọ́ tán. Ọba Edward Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ ní ọdún náà, kò lo ọdún kan lórí oyè, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní orí rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ṣùgbọ́n ihò ló wà láàárín kọ́bọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn pẹ́nì ayé òyìnbó bíi tiyín, kò sí orí ọba kankan níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, àti onínì, owó kékeré tí kò tó kọ́bọ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní anini. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń rà á.

Ohun kan ṣì wà. Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka títa náírà, bébà àti onírin, sí ẹ̀ṣẹ̀. Fífọwọ́ bà á jẹ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ bi agbẹjọ́rò yín, ṣùgbọ́n èmi kò ní bá yín dá sí títa ₦1 yẹn.

Kọ́bọ̀ ìyá ọkọ yín, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ̀ ọ́, nítorí dídán tí ẹ bá fún un ni yóò gba ìwọ̀nba iye tó ní lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi bébà mímọ́ tó gbẹ wé e, kí ẹ fún àwọn ọmọ.